Ẹ Béèrè, N Ó Dáhùn: Owó Ìfẹ̀yìntì Kì Í Ṣe Sàráà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ owó ló sì kún inú wọn: owó àwọn tó ti fẹ̀yìntì, owó ìrànwọ́ aláìní, owó tí kọngílá gbà lọ́wọ́ ìjọba tí agbálẹ̀ rẹ̀ kò rí. Ẹ̀yin tí a ti jọ ń bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé ọdún 33 ni mo lò nídìí tábìlì àkáǹtì ní ìjọba ìbílẹ̀ kan. Èmi ni mò ń kọ fáọ́ṣà, èmi ni mò ń to ìwé owó oṣù. Ohun tí mo fojú rí níbẹ̀ ni mo fi ń dá yín lóhùn. Mo yọ orúkọ àti ibi iṣẹ́ àwọn tó kọ̀wé kúrò, torí ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń fẹjọ́ wọn sùn ni owó wọn ṣì wà.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Mo fẹ̀yìntì lọ́dún 2019 lẹ́yìn ọdún 35. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó ìfẹ̀yìntì lórí owó oṣù mi. Bí mo bá dé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà, wọ́n á ní ìjọba kò tíì san án. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba, wọ́n á ní kí n máa gbàdúrà. Níbo gan-an ni owó mi wà? — Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú ìrọ́jú. Owó méjì ni ìjọba jẹ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀ mọ́ra, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àwíjàre.

Àkọ́kọ́ ni owó àwọn ọdún tí ẹ ti lò kí ètò tuntun tó dé. Òfin ọdún 2004 ló gbé ètò tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó kalẹ̀, òfin ọdún 2014 ló rọ́pò rẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní láti ṣe òfin tirẹ̀. Ẹ̀yin wọṣẹ́ lọ́dún 1984. Ẹ ti kọ́ ọmọ fún ogún ọdún ó lé kí ẹnikẹ́ni tó yọ kọ́bọ̀ lórí owó oṣù yín sínú ètò náà. Gbèsè ni àwọn ọdún yẹn jẹ́ lọ́rùn ìjọba. Ní ti ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 2004 ní kí wọ́n máa fi náírà 5 lórí 100 gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò kan ní Báńkì Àpapọ̀, kí wọ́n lè máa fi san gbèsè yìí. Ìpínlẹ̀ tó bá wọ ètò náà gbọ́dọ̀ ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Níbi tí àpò bá ti gbẹ, àgbà á to sẹ́yìn àgbà, wọ́n á máa dúró. Ìjọba àpapọ̀ fúnra wọn jẹ́ kí gbèsè náà gun orí ara wọn títí tó fi di oṣù kejì ọdún 2025, tí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ní Abuja fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san án.

Owó kejì ni èyí tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù. Òfin ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ó kéré tán náírà 8 lórí 100, kí agbanisíṣẹ́ dá 10. Ẹ wo iye tí òfin ìpínlẹ̀ yín kọ. Owó yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́, torí mo mọ bó ṣe ń sọnù.

Ìwé owó oṣù nígbà tiwa fẹ̀ bí ẹní. Orúkọ wà lápá òsì, owó oṣù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni gbogbo ohun tí wọ́n yọ: owó orí, owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àjẹṣẹ́kù, ìfẹ̀yìntì. Ìlà tó kángun sápá ọ̀tún ni iye tí ènìyàn yóò gbà lọ sílé. Bí owó ìpín tó wá láti Abuja bá kéré sí àròpọ̀ gbogbo rẹ̀, ìlà tó kángun yẹn nìkan ni wọ́n á san. Òṣìṣẹ́ á gba owó rẹ̀. Á rí i lórí pésílíìpù pé wọ́n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ó ti lọ síbi tó ń lọ. Kò lọ síbì kankan, Tíṣà. Orí pépà ló wà. Mo fi pẹ́ńsù kọ “kò tíì lọ” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yẹn fún oṣù mọ́kànlá. Ní oṣù kejìlá, ọ̀gá wa ní kí n yé kọ ọ́, pé ó ń ba ìwé jẹ́. Mo yé e. Títí dòní ni mò ń rántí pẹ́ńsù yẹn, torí orúkọ àwọn tó wà nínú ìwé náà kì í ṣe orúkọ àjèjì sí mi. Tíṣà tó kọ́ àkọ́bí mi ní ABD wà nínú wọn.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ padà sí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó yín, kí ẹ ní kí wọ́n tẹ gbogbo àkáǹtì yín jáde láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ to àwọn pésílíìpù yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oṣù kan sí oṣù kan. Oṣù tó wà lórí pésílíìpù tí kò sí nínú àkáǹtì, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá tọ́jú pésílíìpù lè gba ìwé báńkì. Mo bá ìyá kan ṣe é lórí tábìlì oúnjẹ mi, oṣù 26 la rí tó sọnù. Kí a tó jókòó, ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé “owó mi kò pé.” Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kà wọ́n fún wọn lóṣù lóṣù, wọn ò sì lè ní kó máa gbàdúrà mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà. Òfin ọdún 2011 kan wà tó fún ẹnikẹ́ni lágbára láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba láì sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin Abuja nìyẹn, kò kàn wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé ó kàn wọ́n. Ẹ béèrè iye tí wọ́n yọ lọ́wọ́ yín nínú àwọn oṣù tó sọnù, ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́, àti ipò tí orúkọ yín wà lórí ìlà àwọn tí wọ́n ń sanwó fún. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti gbé e lọ sí kóòtù, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹ tọ́ka sí abala 210 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa: ó sọ pé ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì, pé wọn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró, pé wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ṣàtúnyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dún márùn-ún márùn-ún. Abala 173 ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀.

Ẹ má kọ “mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín” sínú lẹ́tà náà. Mo ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà tí àwọn tó ti fẹ̀yìntì kọ, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ á rò pé ojú rere ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ òun. Ẹ kí i dáadáa, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì béèrè.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, London ni mo ń gbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, ọdún 1998 ni wọ́n fẹ̀yìntì. Wọ́n ti lé ní ọdún 85, ẹsẹ̀ ò sì gbé wọn dáadáa mọ́. Ẹnì kan ní wọ́n gbọ́dọ̀ lọ fara hàn ní Abuja pé àwọn ṣì wà láyé, pé òun á bá wọn yanjú rẹ̀ tí mo bá fi ₦40,000 ránṣẹ́. — Ọmọ bàbá, London

Ìdáhùn: Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, àbúrò mi. PTAD ni ilé iṣẹ́ tó ń mójú tó àwọn tó fẹ̀yìntì lábẹ́ ètò àtijọ́ ní ìjọba àpapọ̀, ọdún 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ti gbé ìfara-hàn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. “I Am Alive” ni wọ́n ń pè é. Ojú bàbá àti fóònù tó ní kámẹ́rà ti tó, ọmọ-ọmọ lè bá wọn ṣe é nínú pálọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Bí o bá ti wà nídìí rẹ̀, bá wọn wo ìwé báńkì wọn bóyá àfikún ₦32,000 tí wọ́n fọwọ́ sí fún wọn láti ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ti ń wọlé.

Inú mi dùn pé fóònù ti dé sọ́rọ̀ yìí, torí ohun tí mo rí nígbà tó jẹ́ pé ìka ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Ìyá kan wà tó ti ń yan gàrí kí ó tó di agbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, tó sì padà sídìí gàrí nígbà tó fẹ̀yìntì. Ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ̀rọ kò mọ ìka rẹ̀. Wọ́n fi òwú tútù nu ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbìyànjú àtàǹpàkò ọ̀tún, wọ́n gbìyànjú ti òsì, iná pupa ló ń tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó di ẹ̀rọ mú ní, “Mọ́mì, ẹ̀rọ ní ẹ ò sí o.” Ìyá yí ọwọ́ méjèèjì síwá sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló gbà nígbẹ̀yìn, ìka kan ṣoṣo tí ooru agbada gàrí kò tíì pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti dé. Kí bàbá yín má jẹ irú ìyà yẹn. Ẹ pe ọmọ tó ní fóònù.

Ìbéèrè: Mọ́mì, ṣé ẹnikẹ́ni ti lọ ẹ̀wọ̀n rí nítorí owó àwọn àgbà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Wọ́n ti lọ, ọmọ mi. John Yakubu Yusufu, tó wà ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá, gbà lẹ́nu ara rẹ̀ ní kóòtù. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, adájọ́ ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí kó san ₦750,000. Ó san án. Gbogbo ìlú ló pariwo, ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ sì dá adájọ́ náà dúró fún oṣù 12. Oṣù kẹta ọdún 2018 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ní kó dá bílíọ̀nù 22.9 náírà padà. Abdulrasheed Maina ńkọ́? Òun ni wọ́n fi ṣe olórí ikọ̀ tí yóò tún ètò ìfẹ̀yìntì ṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ nítorí bílíọ̀nù 2 náírà.

Ọdún márùn-ún ló wà láàárín ìdájọ́ àkọ́kọ́ ti Yusufu àti ìkejì. Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, a sin ọlọ́pàá mẹ́ta tó ti fẹ̀yìntì ní àdúgbò wa. Ìyẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn tí wọ́n bá ní ìdájọ́ ti wáyé.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ọkùnrin kan ń gba ₦2,000 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn tí ìjọba ń fún ní ₦25,000. Ìyá ìyá mi ti fẹ́ yá owó san án. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹtajà, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Irọ́ gbuu ni. Gba ìyá àgbà lọ́wọ́ gbèsè. Ìwé orúkọ aláìní kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà. Àwọn ará àdúgbò ló yẹ kí wọ́n péjọ, kí wọ́n tọ́ka sí ilé tí ìyà ti ń jẹ wọ́n jù, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá sí ilé náà wá béèrè ìbéèrè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde ₦25,000 lóṣù fún oṣù mẹ́ta, fún mílíọ̀nù 15 ìdílé. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ dá gbogbo ètò náà dúró kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní NIN kò ní rí owó gbà. Torí náà, mú ìyá lọ ṣe NIN kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Bi baálẹ̀ yín bóyá wọ́n ti ṣe ìpàdé ìtọ́kasí ní àdúgbò yín. Bí wọ́n bá ti ṣe é, ní kí wọ́n ka orúkọ tó jáde síta.

Kíka orúkọ síta yìí, mi ò ní yé sọ ọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ka orúkọ níwájú gbogbo ènìyàn, ìyàwó káńsẹ́lọ̀ kò lè wà nínú ìwé aláìní kí ilẹ̀ má mì. Níbi tí ìwé bá ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan, a kò lè mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Owó ìrànwọ́ pẹ̀lú kò gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ọrùn gómìnà kan. Ní Èkìtì, ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65 ní ₦5,000 lóṣù lọ́dún 2011. Ohun rere gidi ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ní Ìkéré fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìjọba yí padà lọ́dún 2014, owó náà sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá ìjọba lọ ní tirẹ̀.

Ìbéèrè: Mọ́mì, agbálẹ̀ ni mí ní ọgbà ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, àmọ́ kọngílá ló gbà wá síṣẹ́. Ogójì ni wá. ₦35,000 ni owó oṣù, wọ́n sì ń yọ ₦2,800 níbẹ̀ fún pẹ́ńṣàn. Ọdún mẹ́ta rèé, wọn ò fún wa ní nọ́ńbà àkáǹtì kankan. Ọ̀gá ní bí ariwo bá pọ̀, òun á kó ẹlòmíràn wọlé. — Agbálẹ̀

Ìdáhùn: Ọmọ mi, lẹ́tà rẹ ló dùn mí jù lóṣù yìí. Jẹ́ ká ka owó náà pọ̀. ₦2,800 ni tìrẹ. Òun náà gbọ́dọ̀ fi ₦3,500 kún un. ₦6,300 ló yẹ kó máa wọ àkáǹtì tó ní orúkọ rẹ lóṣooṣù, láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá ti san owó oṣù. Bí kò bá ṣe é, ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní náírà 2 lórí 100 iye tó jẹ, lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ó sì yẹ kó ti san owó ìbánigbófò ẹ̀mí lórí yín pẹ̀lú, ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan ó kéré tán, tí ẹbí yóò gbà bí òṣìṣẹ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́.

Òfin rírà àti gbígbé iṣẹ́ síta ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tí kò bá tíì san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. PenCom, tó ń ṣàkóso ètò ìfẹ̀yìntì, ló ń fún ilé iṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé nínú ilé tí ò ń gbá yẹn, fáìlì kan wà tí ìwé ẹ̀rí ọ̀gá yín wà nínú rẹ̀. Bóyá wọ́n yí i ni, bóyá ènìyàn márùn-ún ló kọ sílẹ̀ nínú ogójì, mo ti rí irú rẹ̀ rí. Òfin kan náà ní kí wọ́n tọ́jú ìwé iṣẹ́ tí wọ́n gbé síta fún ọdún mẹ́wàá, kí ará ìlú sì lè yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n bá san owó ẹ̀dà.

Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni kó o kọ lẹ́tà náà. Òfin ọdún 2011 tí mo sọ fún Tíṣà lẹ́ẹ̀kan kò béèrè ìdí. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé ìlú mìíràn lè kọ ọ́, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni wọ́n á rí. Kó béèrè iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ náà síta, iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n kà sínú rẹ̀, àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí PenCom. Bí ìdáhùn bá dé, ẹ fi ẹjọ́ sùn ní PenCom.

Iye owó iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ rí jù. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti di ₦70,000 láti oṣù keje ọdún 2024, òfin sì yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ogójì ni yín. Ogójì ènìyàn ní ₦70,000 jẹ́ ₦2,800,000 lóṣù. Fi ìdá ìfẹ̀yìntì tí agbanisíṣẹ́ ń dá kún un, ó di ₦3,080,000, kí wọ́n tó ra ìgbálẹ̀ kan tàbí ọṣẹ kan. Bí ìjọba bá gbé iṣẹ́ náà fún un ní iye tó kéré sí èyí, ẹni tó fọwọ́ sí i ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i, ó sì mọ ẹni tí àìpé owó náà máa já lé lórí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí mo ti jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é. Iye tó kéré jù ni wọ́n máa ń yìn, kò sì sí ẹni tó ń béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ fi san owó oṣù. Iṣẹ́ tí a gbé síta ní iye tí kò lè bọ́ ẹni tó ń ṣe é kò yẹ kí a fọwọ́ sí i, ẹni tó bá fọwọ́ sí i sì jẹ ẹ̀yin ogójì lówó gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá yín ṣe jẹ yín.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo pésílíìpù tí ẹ ní lónìí, kí ẹ fi pa mọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò sí lọ́gbà náà. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi kó tó tẹ̀ ẹ́, n ó kà á.

Bàbá tó kọ̀wé lóṣù tó kọjá nípa gírátúítì ìyàwó wọn tó ṣaláìsí: ẹ̀dà lẹ́tà yín ti dé ọwọ́ mi, mo sì rí òǹtẹ̀ wọn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ déètì sínú òǹtẹ̀ náà, ẹ kò sì lè fi hàn ìgbà tí ọjọ́ méje tí wọ́n ní láti dáhùn bẹ̀rẹ̀ láìsí déètì. Ẹ mú un padà lọ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ dúró níwájú akọ̀wé títí tó fi máa kọ ọ́.